Èènì Inú Táyà

Bí ẹ bá ń ti Mushin bọ̀ wá sí Surulere, tí ẹ sì gba Ìdí-Àràbà, ẹ ó rí obìnrin kan lápá ọ̀tún tó wọ ṣòkòtò jíǹsì sábẹ́ búbà, tó fi ìborùn we orí, tó fi ẹsẹ̀ kan tẹ táyà mọ́lẹ̀ bí ẹni pé táyà náà jẹ ẹ́ lẹ́ṣẹ̀. Sìmíátù nìyẹn. Ẹ má wulẹ̀ bi í pé ọ̀gá rẹ̀ ńkọ́, òun ni ọ̀gá. Ọdún kẹtàlélọ́gbọ̀n rèé tó ti ń lẹ táyà lórígun yẹn, síbẹ̀ kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí àlejò kan kò ní dúró, kó wò yíká, kó béèrè pé, "Fọkanáísà dà?" Ìdáhùn rẹ̀ kì í yí padà: "Òun náà lẹ ń bá sọ̀rọ̀ yìí."

Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá náà, pọ́ńpù ẹlẹ́sẹ̀ kan ló gbé wá sí Èkó, ọmọbìnrin márùn-ún ló sì bí síbẹ̀. Nígbà tó rí i pé ọkùnrin kò fẹ́ẹ́ yà sílé òun, ó wo àwọn márààrún, ó mú èyí tí ọwọ́ rẹ̀ le jù. Ìyá rẹ̀, tó ń ta gààrí ní Òtò, kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Ó ní ọkùnrin wo ni yóò fẹ́ ọmọbìnrin tó ń rùn bíi rọ́bà. Tìrìmísíyù, télọ̀ kan ní Àgùdà, gbọ́ òórùn rọ́bà náà dáadáa, ó sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti bí ọmọ mẹ́ta.

Ohun tí bàbá fi lé Sìmíátù lọ́wọ́ kó tó kú kò ju géèjì kan lọ, irin pẹlẹbẹ kan báyìí tí wọ́n fi ń wọn atẹ́gùn inú táyà. Ó ní, "Iye tí oníbàárà bá ní o fún òun ni kó o fún un. Má fojú wọ̀n ọ́n." Sìmíátù sì di òfin yìí mú. Àwọn awakọ̀ láti Ojúwóyè títí dé Ojúẹlẹ́gba mọ ọwọ́ rẹ̀. Bí táyà bá bẹ́ lójú ọ̀nà, wọ́n á ní kò lè jẹ́ èyí tí Sìmí ṣe. Orúkọ yìí nìkan ni gbogbo dúkìá rẹ̀. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tó ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kì í tilẹ̀ ṣe tuntun, bẹ́ẹ̀ ni ìjókòó onígi rẹ̀ ti ń fi ẹsẹ̀ mẹ́ta dúró.

Nínú gbogbo oníbàárà rẹ̀, Kọ́ládé ló fẹ́ràn jù. Láti ìgbà tí Kọ́ládé ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ ní Àgùdà ló ti ń yí kẹ̀kẹ́ tó jò wá bá a. Ó ti tó ẹni ogójì ọdún báyìí, ó ń ta páánẹ́ẹ̀lì sólà ní Yábà, owó sì ti yọjú. Ọdún méjì sẹ́yìn ló ra Pọ́ṣì tòkunbọ̀ kan, aláwọ̀ yẹ́lò, tó lọ sílẹ̀ débi pé ó ní láti fẹ̀gbẹ́ rìn kó tó lè kọjá lórí pátákó gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ilé ìtọ́jú táyà tó ní ẹ̀rọ amúlétutù ni ó ń lọ. Kọ́ládé kò lọ. Gbogbo Jímọ̀ ló ń gbé e wá sí Ìdí-Àràbà. Sìmíátù á ti gbọ́ ọ láti ọ̀nà jíjìn, á nu ọwọ́ mọ́ aṣọ, á ní, "Ọmọ mi ti dé."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí Kọ́ládé fi ra ọkọ̀ náà, torí kì í ṣe nítorí àtilọ sọ́jà. Òun àti Kelvin, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti yunifásítì, wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ eré. Níísàn dúdú ni ti Kelvin, ó ń bú bíi kìnnìún. Ní Sátidé tó bá gbẹ̀yìn oṣù, ẹgbẹ́ yìí máa ń lọ sí pápá eré ọkọ̀ kan tí wọ́n là sínú igbó lápá ọ̀nà Ìbàdàn. Ẹnikẹ́ni kì í bá ẹnikẹ́ni sá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wọlé, ẹni kan á yí pápá po lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ á ka iye ìṣẹ́jú-àáyá tó lò, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń wọlé lọ́jọ́ kan, èyí tó bá yá jù ni wọ́n ń kà. Ìyẹn náà ni wọ́n ń jà lé lórí. Ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlélógún ni ti Kọ́ládé, ti Kelvin fi ìṣẹ́jú-àáyá kan pẹ́ jù ú lọ. Àdéhùn wọn ni pé ẹni tó bá pẹ́ jù ní yóò fọ ọkọ̀ ẹnì kejì lójú gbogbo ẹgbẹ́. Odindi oṣù mẹ́jọ ni Kelvin ti ń fọ Pọ́ṣì. Bí ẹ bá rí àgbà méjì tó ní ìyàwó nílé tí wọ́n ń bára wọn ṣọ̀tá nítorí ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo, ẹ ó mọ̀ pé ẹ̀dá ò lè gbọ́n tán.

Ní Jímọ̀ kan nínú oṣù Ògún, Kọ́ládé dé pẹ̀lú ìbéèrè tuntun. Ó ti kà á níbì kan pé táyà máa ń gbóná lórí pápá, pé bó bá ti gbóná ni atẹ́gùn inú rẹ̀ ń pọ̀ sí i, àti pé kí èèyàn fi díẹ̀ bẹ̀rẹ̀, dípò kó máa jẹ́ kó mí jáde nígbà tó bá dé pápá, bí òun ti ń ṣe tẹ́lẹ̀.

"Àǹtí Sìmí, ẹ má fún mi ní thirty-four tá a máa ń ṣe. Twenty-eight ni mo fẹ́ o, kò gbọdọ̀ lé rárá."

"Twenty-eight kẹ̀? Ó ti rọ̀ jù fún títì Èkó."

"Èmi ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó rọ̀ fún. Mò ń rọra wà á lọ síbẹ̀."

Sìmíátù bẹ̀rẹ̀, ó ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọjọ́ kejì ni wọ́n lọ sí pápá. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ní ìkọrọ̀ àkọ́kọ́, Pọ́ṣì yọ̀ bí ẹni tó tẹ ọṣẹ mọ́lẹ̀. Ní ìkejì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọgbó. Ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rìnlélógún ni ẹ̀rọ kà fún èyí tó yá jù nínú méjèèjì. Kelvin tó ti ń fi kànrìnkàn ra ọwọ́ láti oṣù mẹ́jọ fò sókè bí ọmọdé. Kọ́ládé ká apá aṣọ sókè, ó fọ Níísàn, Kelvin sì ń fi fóònù yà á, ó ń sọ̀rọ̀ sí i pé, "Ẹ bá mi dárò ọ̀rẹ́ mi o! Fọkanáísà ìdí gọ́tà ní Mushin, ẹni tó ń géèjì táyà tírélà, òun ló ń bá a ṣe táyà Pọ́ṣì! Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o!"

Fídíò kì í dúró síbi tí wọ́n ti yà á. Lọ́jọ́ Ajé, Azeezah tó ń ta ìbòrí fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù Sìmíátù ti fi hàn án. Sìmíátù wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí ó tún un gbé, ó sì gbọ́ ìdí gọ́tà lẹ́ẹ̀kejì. Inú rẹ̀ bàjẹ́ gan-an. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, oníjíìpù kan tó ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta dúró, ó wo ojú rẹ̀ láti inú ọkọ̀, ó béèrè pé, "Ṣé ẹ̀yin ni ti fídíò yẹn?" kò sì bọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó dùn ún dé egungun ni pé Jímọ̀ dé, Kọ́ládé kò wá. Jímọ̀ kejì dé, kò wá. Ìkẹta náà lọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ bí obìnrin Mushin ṣe ń jà tí wọ́n bá fi ọwọ́ kan iṣẹ́ rẹ̀. Sìmíátù kò dákẹ́. Ó gbé géèjì bàbá rẹ̀ sókè fún gbogbo ẹni tó bá kọjá. "Twenty-eight ló ní, twenty-eight ni mo fún un! Irin yìí kì í parọ́. Kó lọ kọ́ ọkọ̀ wíwà!" Bó ti ń sọ ọ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni àwọn èèyàn ń gbà á gbọ́. Àwọn awakọ̀ ní òótọ́ ni, owó ló kó sí ọmọ náà lórí, ta ló sọ fún un pé ó mọ Pọ́ṣì wà? Kí oṣù tó parí, orúkọ Sìmíátù ti ń mọ́ padà díẹ̀díẹ̀, ti Kọ́ládé ni wọ́n wá ń fi nu ilẹ̀. Èyí kò sì tẹ́ obìnrin náà lọ́rùn tó bó ti rò pé yóò tẹ́ òun lọ́rùn.

Àárọ̀ Sọ́ńdè kan ni gbogbo rẹ̀ yí padà. Tìrìmísíyù, ọkọ rẹ̀, gbé Kọ̀rólà rẹ̀ wá kí ìyàwó bá òun géèjì táyà. Okùn ìwọnṣọ wà lọ́rùn rẹ̀ bó ti máa ń wà, àfi bí ẹni pé ó fi ń sùn. Sìmíátù tún ti bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ Kọ́ládé.

Ọkọ rẹ̀ ní, "Ó dáa. Bó o ṣe ṣe tiẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an ni kó o ṣe tèmi kí n rí i."

Ìyàwó bẹ̀rẹ̀. Ó fọn atẹ́gùn sí i, ó fi géèjì wò ó, ó fi han ọkọ: méjìdínlọ́gbọ̀n géérégé. "Ṣé o rí i?" Ó yọ géèjì kúrò, ó ń sọ̀rọ̀ lọ, ọwọ́ rẹ̀ sì tún fi ẹnu rọ́bà kan táyà lẹ́ẹ̀mejì: fíìn, fíìn. Ó dé e lórí, ó yí sí èkejì.

"Dúró ná," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Kí lo ṣe kẹ́yìn yẹn?"

"Èwo?"

"Fíìn fíìn."

"Fíìn fíìn wo? Mi ò ṣe nǹkan kan."

"Fi géèjì rẹ wò ó."

Sìmíátù fi géèjì wò ó. Méjìlélọ́gbọ̀n ni.

Ó wo géèjì, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Ìyá rẹ̀ ló rántí, ìyá rẹ̀ ní Òtò nídìí igbá gààrí. Bí kóńgò bá ti kún tán, tó ti ga, ìyá náà á tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, pàápàá fún oníbàárà tó bá fẹ́ràn: "Èènì tìẹ nìyẹn o." Ta ló fẹ́ lọ rajà lọ́wọ́ ẹni tí kì í fúnni léènì? Inú ẹ̀kúnwọ́ yẹn ni Sìmíátù dàgbà sí. Ó ti tó ogún ọdún tó ti ń fún àwọn tó fẹ́ràn ní èènì atẹ́gùn, kò sọ fún wọn, òun gan-an kò mọ̀ ọ́n mọ́. Kò pa ẹnikẹ́ni lára rí. Lórí títì wa yìí, tó jẹ́ kòtò ń pe kòtò rán níṣẹ́, táyà tó le díẹ̀ a máa ṣàǹfààní. Kọ́ládé ló fẹ́ràn jù, Kọ́ládé náà ló sì ń fún ní èènì tó pọ̀ jù.

Tìrìmísíyù fọwọ́ bo ẹnu. "Sìmí, bí oníbàárà bá ní íǹṣì méjìlélọ́gbọ̀n ni ìbàdí òun, tí mo wá fi íǹṣì mẹ́rin ṣe èènì fún un, ṣé ṣòkòtò yẹn ò ní já bọ́ lójú àna rẹ̀?"

Ẹ̀rín bú lẹ́nu Sìmíátù. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó sì jókòó sórí táyà, ni ẹkún bá gba ipò ẹ̀rín. Àṣejù, baba àṣeté. Oṣù kan gbáko ló ti fi ń ba ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ jẹ́ kiri, bẹ́ẹ̀ òun ló ṣe é.

"Àwa méjì nìkan la mọ̀ ọ́n," ni ọkọ rẹ̀ wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Kò ní kó sọ, kò ní kó má sọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn wà lọ́kàn Sìmíátù títí ilẹ̀ fi mọ́. Bó bá dákẹ́, orúkọ rẹ̀ ti ń bọ̀ sípò. Bó bá sọ ọ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí sí fídíò Kelvin. Ní òwúrọ̀ Ajé, ó wẹ̀, ó wọ ìró àti búbà tó mọ́, ó sì gba Yábà lọ.

Kọ́ládé dìde nígbà tó rí i, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀. "Àǹtí Sìmí! Ẹ̀yin fúnra yín?"

"Má dọ̀bálẹ̀ fún mi. Jókòó." Òun kò jókòó. "Èmi ni mo ba táyà rẹ jẹ́. Twenty-eight lo ní, mo ṣe twenty-eight, mo wá fi èènì sí i. Thirty-two ni mo gbé fún ọ. Mi ò mọ̀ pé mo ṣe é. Àná ni mo mọ̀."

Kọ́ládé ń ṣírò lọ́kàn rẹ̀. "Thirty-two. Tó bá wá gbóná lórí pápá, á ti kọjá forty, kò ní lè di ilẹ̀ mú." Ó gbé ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Sìmíátù rò pé inú ló ń bí i, ó sì gbà pé ó tọ́ sí òun. Nígbà tí Kọ́ládé ṣí ojú, omi lé sí i.

"Àǹtí, mo ti pè é lọ́jà. Mo ti fẹ́ ta ọkọ̀ yẹn. Mo rò pé mo ti ń dàgbà ni, pé ojú mi ò yá mọ́, pé ọwọ́ mi ti ń pẹ́. Èmi ni mo sọ fún wọn nínú ẹgbẹ́ pé kí wọ́n fi Àǹtí mi sílẹ̀, pé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n wà. Ojú yín ni mò ń sá fún. Mo mọ̀ pé wọ́n fi mí bú yín."

Èyí wọ Sìmíátù lára ju èébú lọ. Ó wo ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti bẹ̀rẹ̀ òótọ́, kí ó kúkú sọ ọ́ tán.

"Èmi náà ti sọ ọ́ ká gbogbo Ìdí-Àràbà pé o ò mọ̀ ọ́n wà."

Kọ́ládé wò ó ṣùn-ùn. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, ó ń fọwọ́ lu tábìlì. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ yọjú láti wò ó bóyá ara rẹ̀ ò yá. "Ẹ̀yin náà, Àǹtí? Ó dáa, ẹ ti jẹbi. Sátidé tó ń bọ̀, ẹ ó tẹ̀lé mi lọ."

Báyìí ni Sìmíátù ṣe jókòó sínú Pọ́ṣì fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Ó ní àfi bí ẹni tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nílé ìkómọ. Ó ti fi áńkáṣíìfù we géèjì bàbá rẹ̀ sínú báàgì. Nígbà tí wọ́n dé pápá, ó rí ilẹ̀ pupa, ọ̀dà dúdú tó ń yí po, àti ọkọ̀ bí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí owó wọn lè ra àdúgbò. Kelvin sáré wá, ó ń rẹ́rìn-ín. "Àǹtí tírélà! Ẹ káàbọ̀ o, mà."

"O ṣeun," ni Sìmíátù wí. Kò rẹ́rìn-ín.

Kọ́ládé kọ́kọ́ wọlé, ó sì lo ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá méjìlélógún. Bó ti jáde, Sìmíátù kúnlẹ̀ tì í, ó fi géèjì wo táyà tó gbóná: mẹ́rìndínlógójì. Ó jẹ́ kó mí jáde díẹ̀, ó wò ó, ó tún jẹ́ kó mí, títí ó fi dúró ní mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tí Kọ́ládé fẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ń yún un kó fi nǹkan kún un, ó gbá a mọ́ àyà. Kọ́ládé padà wọlé. Pọ́ṣì di ilẹ̀ mú ní gbogbo ìkọrọ̀. Ìṣẹ́jú kan àti ogún ìṣẹ́jú-àáyá lé díẹ̀! Kò dé ibẹ̀ rí láti ìgbà tó ti rà á. Sìmíátù pariwo "Alhamdulillah" débi pé àwọn ẹyẹ fò nínú igbó.

Ó ku Kelvin. Ìṣẹ́jú kan àti mọ́kànlélógún ló ṣe ní àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ló sì kù fún un. Ó wo Níísàn rẹ̀, ó wo àwọn èèyàn, ó rìn wá bá Sìmíátù. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo tèmi náà. Thirty-three."

Kọ́ládé yíjú sẹ́yìn, ó ń ṣe bí ẹni tó ń wo ọ̀run. Sìmíátù kúnlẹ̀ ti Níísàn, gbogbo ìbínú oṣù kan sì dìde nínú rẹ̀. Fíìn méjì péré. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ wà nítòsí, ta ni yóò mọ̀? Kò tilẹ̀ ní ṣe ohun tí kò ṣe rí. Ó rántí ìdí gọ́tà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí táyà fún ìgbà díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó fi géèjì wò ó. Mẹ́tàdínlógójì. Ó jẹ́ kó mí dé mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ó sì na géèjì sí Kelvin. "Wá fi ojú ara rẹ wò ó." Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló fi hàn án bẹ́ẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Níísàn wọlé, ó bú ramúramù, ó yí po. Nígbà tí ẹ̀rọ kà á, ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá ló fi yá ju Kọ́ládé lọ. Kí èèyàn tó ṣẹ́jú, ìyẹn ti kọjá. Kelvin jáde, kò fò sókè, kò mú fóònù. Ó wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku níwájú Sìmíátù, ó ní, "Ẹ máà bínú, mà." Sìmíátù ní kó dìde, ó fi ọwọ́ gbọn eruku kúrò ní èjìká rẹ̀. Kọ́ládé fọ ọkọ̀, kò ráhùn.

Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wálé, Sìmíátù kò lè fara dà á mọ́. "Kọ́ládé, ṣé inú ń bí ọ sí mi? Èmi ni mo fún un ní ohun tó fi borí rẹ."

Kọ́ládé rọra ń wakọ̀, ó ń yẹ kòtò. "Àǹtí Sìmí, ká ní ẹ ṣe tiẹ̀ ní màgòmágó nítorí mi, ọkàn mi ò tún lè balẹ̀ lórí táyà tí ẹ bá ṣe fún mi mọ́ láé."

Sìmíátù yíjú sí fèrèsé, ó di báàgì rẹ̀ mú, inú rẹ̀ sì dùn débi pé wọ́n ti dé Ọjọ́ta kó tó rántí pé òun kò tíì jẹun láti àárọ̀.